Àwa ọ̀dọ́ tí a kì í lè jí láàárọ̀: ṣé ọ̀lẹ ni, àbí ara ló ń ṣe wá bẹ́ẹ̀?

Alága_Ìlera16

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọmọ ọdún 16 ni mí, èmi ni wọ́n sì fi ṣe alága ẹgbẹ́ ìlera nílé ìwé wa (kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, ni wọ́n bá nà án sí mi). Wọ́n ní kí n bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé tó ń bọ̀. Àwọn yòókù fẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀. Ọwọ́ fífọ̀ dáa, àmọ́ kò sí òbí tó ń bá a jiyàn. Oorun ló ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé, òun ni mo sì fẹ́ sọ.

Bó ṣe rí lọ́dọ̀ tèmi rèé. Bí mo bá dùbúlẹ̀ ní aago 9 alẹ́, àjà ni màá máa wò títí aago 11 á fi kọjá. Èmi àti àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 la jọ ń sùn nínú yàrá kan. Kí n tó paná, ó ti sùn lọ. Láàárọ̀, orin ló fi ń jí. Èmi ńkọ́? Màmá mi á pè mí títí ohùn wọn á fi há, wọ́n á wá fi "ọ̀lẹ ọmọ" kún un. Aago 7:30 la ń wọ kíláàsì ìṣirò. Ojú mi á là, ṣùgbọ́n n ò sí níbẹ̀. Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí ti sọ ohun mímu amárajípépé di omi: agolo kan láàárọ̀, òmíràn lẹ́yìn iléèwé.

Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí iléèwé máa pẹ́ wọlé díẹ̀ sí i. Kí ni mo lè sọ tí àwọn òbí ò fi ní rò pé àwáwí ni mo ń wá fún ara mi?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ọmọ mi, orí àbúrò rẹ yẹn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rí rẹ nìyẹn. Inú ọpọlọ ni aago ara wà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á ní kí ara tú melatonin jáde, òun ló ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé àkókò oorun ti tó. Bí ọmọ bá ti ń bàlágà, melatonin yìí kì í tètè jáde mọ́, ó lè fi wákàtí kan sí méjì pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Aago 9 rẹ kì í ṣe aago 9 àbúrò rẹ. Yàtọ̀ síyẹn, oorun kì í tètè kun ọ̀dọ́ bó ṣe ń kun ọmọdé, kódà bí àwọn méjèèjì bá jọ jí láàárọ̀.

Síbẹ̀, oorun tí ara rẹ nílò ṣì pọ̀. Wákàtí 8 sí 10 ni àwọn dókítà onímọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà ní ó yẹ ọmọ ọdún 13 sí 18. Ẹni tí oorun gbé lọ ní 11:15, tó sì gbọ́dọ̀ dìde ní aago 6, wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 45 péré ló rí sùn. Ẹ bá mi wo gbèsè tó máa wà nílẹ̀ kí Fúráìdè tó dé.

Bá mi kìlọ̀ fún ọmọkùnrin yẹn. Nǹkan bíi wákàtí 5 lẹ́yìn tó bá mu ún, ìdajì caffeine (èròjà tó ń lé oorun lọ) inú agolo yẹn ṣì lè wà lára rẹ̀. Èyí tó mu ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ ṣì ń bá a jà ní aago 9. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ gbangba pé kò yẹ kí ọmọdé tàbí ọ̀dọ́ máa mu irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rárá.

Bàbá_Ọlọ́mọ3

Ẹ má bínú o, n ò tíì gbà tán. Àwa náà bàlágà nígbà tiwa, kò sẹ́ni tó gbọ́ melatonin sétí, a sì ń jí. Fóònù ni! Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ ó rí i bí oorun á ṣe dé wéré. Bí ẹ bá sì lọ sún àkókò iléèwé síwájú, ńṣe ni wọ́n á máa ṣàìsùn di aago 1 òru.

Alága_Ìlera16

Ẹ ṣé, bàbá. Ọwọ́ màmá mi ni fóònù mi máa ń wà lálẹ́ o. Àmọ́ òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín: àwọn ọ̀rẹ́ mi tí tiwọn wà lábẹ́ ìrọ̀rí máa ń fèsì ní aago 2 òru, tí mo bá jí ni mo máa ń rí i.

Ọ̀rọ̀ Sátidé ló tún rú mi lójú. Bí mo bá sùn di ọ̀sán, ara mi á yá gágá, àmọ́ Mọ́ńdè á wá burú jù.

Olùkọ́_Bàọ́lọ́jì

Bàbá, ẹ̀yin àti nọ́ọ̀sì lẹ jàre. Ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù ń dí melatonin lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bára wọn sọ lórí ẹ̀ tún ń mú ọkàn wọn wà lójúfò, lójú tèmi ìyẹn gan-an ló burú jù. Ṣùgbọ́n ti pé wọ́n á kàn máa pẹ́ sùn sí i, wọ́n ti dán an wò. Ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2016, wọ́n sún àkókò tí iléèwé girama ń wọlé láti 7:50 sí 8:45 àárọ̀. Àwọn olùwádìí kò kàn bi àwọn ọmọ léèrè, ẹ̀rọ ni wọ́n so mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́. Nǹkan bíi ìṣẹ́jú 34 ni oorun wọn fi gùn sí i lálẹ́. Àwọn dókítà ọmọdé tí nọ́ọ̀sì mẹ́nu bà náà ti dábàá lọ́dún 2014 pé kí irú iléèwé bẹ́ẹ̀ má wọlé ṣáájú 8:30. Ìpínlẹ̀ California sọ ọ́ di òfin lọ́dún 2019, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2022.

Alága, ní ti Sátidé: ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ló ń dá aago ara padà sí àyè rẹ̀. Bó o bá sùn kọjá rẹ̀, oorun alẹ́ Sọ́ńdè á tún pẹ́ dé sí i. Má jẹ́ kó fi ju wákàtí kan sí méjì lọ pẹ́ sí ìgbà tó o máa ń jí. Tó o bá sì ti jí, jáde síta, má dúró sẹ́yìn fèrèsé. Bí oorun bá ń kùn ọ́, fi nǹkan bíi ogún ìṣẹ́jú rẹjú lọ́sàn-án, kó má di ìrọ̀lẹ́.

Níbi ìpàdé, má fi àkókò iléèwé bẹ̀rẹ̀, torí àwọn òbí á kàn máa ka wàhálà ọkọ̀ àti iṣẹ́ sí ọ lórí. Jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ kọ aago tí wọ́n sùn àti aago tí wọ́n jí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Gbé e síwájú wọn. Lẹ́yìn náà, béèrè ohun tó ṣeé ṣe ní sáà yìí: kí wọ́n má máa fi ìdánwò sí kíláàsì àkọ́kọ́.

Ìyá_Ọ̀dọ́bìnrin

Kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ni ẹjọ́ aago ara o. Ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, èròjà irin lè dín kù lára rẹ̀, á sì máa rẹ̀ ẹ́ bó ti wù kó sùn tó. Ẹni tó ń hanrun, tí èémí rẹ̀ ń dáwọ́ dúró lójú oorun, dókítà ló yẹ kó rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí inú rẹ̀ bà jẹ́, tí ohun tó máa ń gbádùn ò wù ú mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jọ̀ọ́, sọ èyí fún wọn.

Alága_Ìlera16

Màá sọ ọ́, mà. Ẹ ṣé gan-an. Mọ́ńdè la ó bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ yẹn. Olùkọ́, ṣé kí wọ́n kọ ohun mímu amárajípépé náà síbẹ̀?

Olùkọ́_Bàọ́lọ́jì

Kí wọ́n kọ ọ́, pẹ̀lú aago tí wọ́n mu ún. Orúkọ ni kí wọ́n má kọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irọ́ ni wàá kó jọ.