Ṣé kí n parí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọdún 3 kí n sì bọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tààrà?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń parí ọdún àkọ́kọ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti ń ka bàólọ́jì kí n lè di dókítà. Kírẹ́díìtì (yúnítì kọ́ọ̀sì) 24 ni mo kó wá láti ilé-ẹ̀kọ́ girama, nítorí náà ọdún 3 ni mo lè fi kó 120 tí wọ́n ń béèrè jọ dípò 4, owó ilé-ìwé ọdún kan kò sì kéré lójú àwọn òbí mi. Ìgbà wo ni kí n ṣe MCAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ìgbà wo ni kí n sì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́?

Ìdáhùn kìíní

Àbúrò, ohun méjì lo so pọ̀: kí èèyàn tètè parí lọ́tọ̀, kí ó tètè fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Fọ́ọ̀mù AMCAS, èyí tí wọ́n fi ń béèrè àyè ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, máa ń ṣí ní oṣù Karùn-ún, ó sì lé ní ọdún kan kí àwọn tó fi í ránṣẹ́ tó wọ kíláàsì. Bí o kò bá fẹ́ kí àyè kankan ṣófo láàárín kọ́lẹ́ẹ̀jì àti ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, a jẹ́ pé gbàrà tí o bá parí ọdún kejì ni fọ́ọ̀mù rẹ gbọ́dọ̀ lọ, kí o sì ti ṣe MCAT ṣáájú. Wàyí o, wo bí kẹ́mísírì ṣe to lé ara wọn: sáà 2 ni ti ìpìlẹ̀, sáà 2 ni ọ́gáníìkì, lẹ́yìn èyí ni bayokẹ́mísírì tó kàn. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta nìyẹn, bẹ́ẹ̀ MCAT yóò ti bi ọ́ ní bayokẹ́mísírì dáadáa kí o tó jókòó kọ́ ọ, àyàfi bí o bá fi ìsinmi ìgbà ooru ka ọ̀kan nínú wọn.

Ìdáhùn kejì

Èmi ṣe é bẹ́ẹ̀, mo sì jìyà rẹ̀. Nígbà tí mo tọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan lọ fún lẹ́tà ìjẹ́rìí, ó tẹjú mọ́ mi fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo ti ṣe sínú ìwé kan, kí òun lè rí ohun tí òun máa sọ. Kò mọ̀ mí rárá, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà mí lọ́dún náà. Lẹ́yìn tí mo parí, mo fi ọdún kan ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, mo ń tẹ ohun tí dókítà àti aláìsàn bá sọ sínú kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo sọ nígbà tí wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì gbà mí.

Ìdáhùn kẹta

Yẹ kírẹ́díìtì 24 yẹn wò dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ti ìdánwò AP tí wọ́n ń ṣe ní girama láti fi gba kírẹ́díìtì kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan kì í gbà á dípò kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń béèrè. Bí ó bá sì jẹ́ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì lo ti ṣe wọ́n nígbà tí o wà ní girama, gbogbo máàkì wọn ni AMCAS yóò kà mọ́ GPA (ìpíndọ́gba máàkì) rẹ, àtèyí tó dára àtèyí tí kò dára.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. AP ni 16 nínú wọn, kẹ́mísírì sì wà níbẹ̀. Mo ti pinnu pé màá parí ní ọdún 3, ṣùgbọ́n ìparí ọdún kẹta náà ni màá tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kí n lè fi ọdún tó bá tẹ̀ lé e ṣiṣẹ́ nítòsí àwọn aláìsàn. Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe rí iṣẹ́ pàjáwìrì yẹn?