Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́: mo fẹ́ mú Màmá mi lọ Xi'an kí wọ́n tó padà sílé

Ìyá Faruq:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn, inú ló ń bí mi. Màmá mi wá láti Ìbàdàn wá wo èmi àti Faruq ọmọ mi ní Guangzhou, ní China níbí. Látìgbà tí wọ́n ti dé, wọn ò mọ ibì kankan ju ilé àti ọjà Xiaobei lọ. Ẹnì kan ní mọ́ṣáláṣí wọn ní Ọjà'ba ló sọ fún wọn pé mọ́ṣáláṣí àtayébáyé kan wà ní Xi'an, ìlú àtijọ́ kan ní China níbí, ni wọ́n bá ní bí àwọn bá dé China tí àwọn ò kírun níbẹ̀, ó máa dun àwọn. Mo sì ti ṣèlérí fún wọn.

Ọkọ mi ní à ń fi owó ṣòfò. Ẹni tó ra fóònù tuntun lóṣù tó kọjá ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o! Ìyàwó ọ̀rẹ́ ẹ̀ mú ìyá tiẹ̀ lọ Beijing, wọ́n ya fọ́tò lórí ògiri gígùn yẹn, ojoojúmọ́ ló ń gbé e sórí status. Màmá mi á wò ó títí, wọn ò ní sọ nǹkan kan, wọ́n á kàn dá fóònù padà fún mi. Ó ń dùn mí dé egungun.

Èyí tó wá mú mi kọ̀wé lónìí: òtẹ́ẹ̀lì tí a gbà nítòsí Ilé Agogo, ilé àtijọ́ tó wà láàárín ìlú Xi'an, ti fagi lé yàrá wa. Mo wá òmíràn, owó ẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ọ̀gbẹ́ni tó ń bá wa ṣètò ò gbé ìpè mi látàná. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe sí aláwọ̀ dúdú ní Xi'an nìyẹn? Òtẹ́ẹ̀lì wo ni kí n gbà?

Ẹ̀gbọ́n Sanyuanli:
Ìyá Faruq, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ lọ? Ẹ̀yin mélòó ni? Ẹ ò sọ ọ́.

Alhaja Àṣàkẹ́:
Àbúrò mi, mú ìyá ẹ lọ! Mo ti dé mọ́ṣáláṣí yẹn. Tí o bá gba abẹ́ Ilé Ìlù, ilé gogoro àtijọ́ kan níbẹ̀, kọjá, o ti dé àdúgbò àwọn Mùsùlùmí nìyẹn, wàá wá yà sí ojú ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Huajue, ọjà ló kún ọ̀tún àti òsì. Nígbà tí mo wọlé, mo rò pé mo ti ṣìnà. Kò sí òrùlé ribiti, kò sí ilé gogoro tá a mọ̀ mọ́ mọ́ṣáláṣí. Òrùlé àwọn ará China ni, àgbàlá tẹ̀ lé àgbàlá, igi sì pọ̀. Ìgbà tí mo rí Lárúbáwá lára ògiri ni ọkàn mi tó balẹ̀. Wọ́n gbẹ́ Kùránì sára pákó inú gbọ̀ngàn ìkírun. Mùsùlùmí nìkan ló ń wọ gbọ̀ngàn yẹn o, àwọn àlejò yòókù ò ní kọjá àgbàlá. Kí ẹ bèèrè ibi táwọn obìnrin ti ń kírun kí Màmá tó bọ́ bàtà.

Ẹ jẹ paomo níbẹ̀. Wọ́n á gbé búrẹ́dì líle pẹlẹbẹ fún yín nínú abọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fọwọ́ já a wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹyọ ẹ̀wà, kí wọ́n tó gbé e padà lọ sí ilé ìdáná lọ da ọbẹ̀ ẹran àgùntàn sí i. Èmi já tèmi gàdàgbà gàdàgbà, ni ìyá olóúnjẹ bá gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já a fún mi. Ẹ̀rín pa wá, kò gbọ́ èdè mi, mi ò gbọ́ tiẹ̀.

Bàbá Tèmi:
Ọkọ yín ti sọ̀rọ̀. Obìnrin tó bá fẹ́ ilé gbọ́dọ̀ gbọ́ràn. Ọjà ò tà lọ́dún yìí, ẹ ń sọ̀rọ̀ ìgbafẹ́.

Alhaja Àṣàkẹ́:
Bàbá Tèmi, ìyá tó bí ọmọ tó tún wá bá a gbé ọmọ pọ̀n, ṣé ìgbafẹ́ lẹ̀ ń pe ìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́ o.

Ìyá Faruq:
Ẹ ṣeun, Alhaja. Bàbá Tèmi, owó ọwọ́ mi ni mo fẹ́ fi lọ. Èmi ni mò ń ta aṣọ lórí WeChat, mi ò tọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí owó máálù ìléyá kù, ta ló fi kún un?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń pe èrò níwájú ibùdókọ̀ ojú irin o. Wọ́n ní ibi àwọn ọmọ ogun amọ̀, àwọn ère ayé àtijọ́ tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀ yẹn, làwọn ń lọ, a wọ bọ́ọ̀sì wọn. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń mọ ère tà ni wọ́n kọ́kọ́ já wa sí, ó tún di ṣọ́ọ̀bù òkúta iyebíye. Ọjọ́ ti lọ kí a tó dé ibi tá à ń lọ gan-an. Àbúrò mi ra ère kan, ọrùn ẹ̀ ti já ká tó délé.

Ọmọ Xi'an:
Ẹ kú àárọ̀ o, Mọ̀mí Faruq. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí níbí. Òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí. Lintong ni ibi àwọn ọmọ ogun amọ̀ yẹn wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 kìlómítà sí àárín ìlú. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀: line 1 dé Fangzhicheng, kẹ́ ẹ bọ́ sí line 9, kẹ́ ẹ sọ̀ ní Huaqing Pool, kẹ́ ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì ìjọba. Orúkọ àti nọ́ḿbà páàsípọ́ọ̀tù ni wọ́n fi ń ra ìwé àṣẹ ìwọlé, ẹ rà á ṣáájú.

Ẹ má wo ti owó, ẹ lọ wò ó. Lọ́dún 1974 làwọn àgbẹ̀ tó ń gbẹ́ kànga rí i. Kòtò kìíní nìkan gùn tó 230 mítà. Bí ẹ bá dúró lókè tí ẹ ń wo ìsàlẹ̀, ojú ọmọ ogun kan ò jọ ti èkejì. Ibojì Qin Shi Huang, ọba tí wọ́n mọ àwọn ère yẹn fún, gan-an, wọn ò tíì hú u títí dòní.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo lẹ̀ ń bọ̀? Ẹ̀gbọ́n Sanyuanli ti bèèrè.

Ìyá Faruq:
October 1 ni. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Ìgbà yẹn làwọn ilé iṣẹ́ tí ọkọ mi ti ń kó ọjà máa ti ìlẹ̀kùn, òun náà á ráyè bá wa lọ. Ó sì bọ́ sí ọjọ́ òmìnira wa, mo ti rán aṣọ ewé àti funfun sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Sanyuanli:
Háà! Ìyá Faruq! Ìdí tí òtẹ́ẹ̀lì fi gbówó lórí nìyẹn. Ọjọ́ orílẹ̀-èdè China náà ni October 1! Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni gbogbo ilẹ̀ yìí fi máa ń rìnrìn àjò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ dúdú rárá, àwọn náà ò rí yàrá gbà.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́:
Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ tèmi. Orí ènìyàn ni mo rí, mi ò rí ère.

Bàbá Tèmi:
Mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí n ò sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ sún un síwájú, ẹ lọ lẹ́yìn October 8.

Ìyá Faruq:
Kò ṣeé sún. October 5 ni Màmá máa wọ bàálù padà sí Èkó.

Alhaja Àṣàkẹ́:
Kí ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí Bàbá Faruq dúró ti Faruq. Èmi àti ìyá mi la jọ rìn tèmi, a ò sọnù.

Ìyá Faruq:
Mi ò lè dá mú Màmá lọ, Alhaja. Orúnkún ń dùn wọ́n, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Èmi ti rò pé ọkọ mi á máa dì wọ́n mú gun ògiri àtijọ́ tó yí ìlú Xi'an ká.

Ọmọ Xi'an:
Mọ̀mí, Màmá onọ̀pá láàárín èrò October 1? Ẹ má ṣe é, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn èèyàn máa ń tì lu ara wọn níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ lásán, wọ́n á rọra rìn. Ọkọ̀ kékeré oníbátìrì máa ń gbé èrò nínú ọgbà àwọn ọmọ ogun amọ̀, ẹ béèrè fún àga oníkẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ògiri ìlú, ẹ má fi dandan gùn ún. Lóòótọ́ ó dáa, 1370 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 14 kìlómítà yí ìlú ká, àwọn èèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gúúsù, ibi tí iná ti ń tàn lálẹ́, Màmá lè jókòó kí wọ́n máa wò ó. Ẹ fi mọ́ṣáláṣí ṣáájú, kí agbára wọn má tán síbòmíràn.

Ìyá Faruq:
Ọlọ́run á bù kún ẹ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n a ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin October 1. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ti gbowó tìlọ-tìbọ̀ lóṣù tó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n Sanyuanli:
Tíkẹ́ẹ̀tì wo? September 12 la wà lónìí. Ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ṣé ó gba nọ́ḿbà páàsípọ́ọ̀tù yín?

Ìyá Faruq:
Rárá o. Orúkọ wa nìkan ló gbà. Ó ní òun ní èèyàn níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Sanyuanli:
Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì kankan nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ra ọkọ̀ ojú irin fún àjèjì láìsí nọ́ḿbà páàsípọ́ọ̀tù, bó ti wù kó mọ èèyàn tó. Ẹ gbé gbogbo ohun tẹ́ ẹ jọ sọ lórí WeChat pa mọ́, títí kan ẹ̀rí owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má bú u. Ẹ kọ̀wé sí i pé kó fi nọ́ḿbà tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ lónìí tàbí kó dá owó padà. Bó bá dákẹ́, ẹ kó ẹ̀rí yẹn lọ bá ọlọ́pàá àdúgbò yín.

Bàbá Tèmi:
Ṣé ẹ rí i pé ọkọ yín ríran?

Alhaja Àṣàkẹ́:
Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá Tèmi. Kí ni ọkọ ẹ̀ bá a ṣètò? Ìyá Faruq, jẹ́ kí Bàbá Faruq fúnra ẹ̀ pe ọ̀gbẹ́ni yẹn.

Ìyá Faruq:
Ọkọ mi ló mú un wá fún mi, Alhaja. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ sí i létí báyìí. Ó dákẹ́. Ó wá ní òun á tọ́jú Faruq, kí èmi àti Màmá lọ ní Tuesday, òun á fowó sí i. Páàsípọ́ọ̀tù àwa méjèèjì ti wà lórí tábìlì. Ọmọ Xi'an, ṣé kí n ra ti àbọ̀ nísinsìnyí náà? Ibo la máa sọ̀?

Ọmọ Xi'an:
Ẹ ra méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà lórí 12306, ìyẹn ìkànnì tí wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, èdè Òyìnbó wà níbẹ̀. Ibùdókọ̀ Guangzhou South lẹ máa ti wọ̀ ọ́, ó máa gbà yín tó wákàtí mẹ́jọ, ẹ gba ìjókòó tí kò jìnnà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nítorí Màmá. Xi'an North lẹ máa sọ̀. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ line 2 ló wà lábẹ́ ibẹ̀, ó ń gbé èèyàn lọ tààrà sí Ilé Agogo. Páàsípọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ fi wọlé, ní ẹnu ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ dúró sí. Ẹ fi àkókò tẹ́ ẹ máa dé ránṣẹ́ sí mi, mi ò ní kíláàsì nírọ̀lẹ́ Tuesday.