Abhi àti Pragya nínú Twist of Fate: kí ló dé tí ìfẹ́ wọn fi kan báyìí?

Àdùnní Ìtòkú

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń wo Zee World, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ Twist of Fate, eré Íńdíà yìí, ó ká mi lára gan-an ni. Ní Ìtòkú níbí, bí àwọn aládìrẹ bá ti ń palẹ̀ ọjà mọ́ lálẹ́, ọ̀rọ̀ Abhi àti Pragya ló máa ń gba ẹnu wọn. Láti ìgbà tí eré náà ti fo ọdún méje, ńṣe ni kálukú ń mí kanlẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Nítorí Aaliya àbúrò rẹ̀ ni Abhi ṣe gbé Pragya níyàwó, kò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ rárá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rọ̀. Ó ń fi gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń pè é ní Fuggi, títí yẹ̀yẹ́ náà fi di ìkẹ́. Ìgbà tí wọ́n wá mọwọ́ ara wọn tán ni wàhálà dé. Tanu, ọ̀rẹ́bìnrin Abhi tẹ́lẹ̀, lóyún, ó ní Abhi ló ni ín. Èyí tán, Abhi gbàgbé Pragya pátápátá, bí ẹni tí kò rí i rí. Ìyẹn náà tún tán, Munni tó jọ Pragya bí ìbejì yọjú. Ní báyìí, Pragya ti wà ní London lọ́dọ̀ King, akọrin kan, Abhi sì wà lọ́dọ̀ Tanu. Bí àwọn méjèèjì bá ṣe kòńgẹ́ ara wọn, èébú àti ẹkún ni.

Ṣé àwọn tó ń kọ ọ́ ò rí i pé nǹkan dáadáa làwọn ń bà jẹ́ ni? Àwọn kan ní bí olólùfẹ́ méjì inú eré bá ti fẹ́ra tán, eré ti parí nìyẹn, pé dandan ni kí wọ́n tú wọn ká. Ṣé òótọ́ ni? Bí ẹ bá mọ ohun tó wà níwájú, ẹ sọ ọ́, mi ò bínú sí i. Bó bá sì ṣe é ṣe ká kọ̀wé sí wọn, ibo la máa kọ ọ́ sí?

Akọ̀wé Òkè-Ilewó

Àǹtí Àdùnní, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ó yẹ kó dùn yín.

Àwọn tó ń kọ ọ́ rí i dáadáa. Ohun tó dè wọ́n lọ́wọ́ ni pé eré náà kò ní òpin tí wọ́n ti pinnu tẹ́lẹ̀. Kumkum Bhagya ni wọ́n ń pè é ní Íńdíà. Ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, 2014 ni Zee TV bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde, ilé iṣẹ́ Balaji Telefilms ti Ekta Kapoor ló sì ṣe é. Eré ojoojúmọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé apá márùn-ún jáde lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 52, apá 260 nìyẹn lọ́dún. Bí ẹ bá yọ ìpolówó ọjà kúrò nínú ààbọ̀ wákàtí, nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 ló kù. Ìṣẹ́jú 22 lọ́nà 260 jẹ́ ìṣẹ́jú 5,720, ó lé ní wákàtí 95. Fíìmù oníwákàtí méjì-méjì bí 47 nìyẹn lọ́dún kan, lórí tọkọtaya kan náà. Ìrẹ́pọ̀ lásán ò lè kún ibẹ̀.

Eré ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ wa kì í rí bẹ́ẹ̀. Apá 13 ni wọ́n máa ń kà sí sáà kan, torí ọ̀sẹ̀ 13 ló wà nínú oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ń kọ apá 13 ti mọ apá tí ìjà máa bẹ́ sílẹ̀ àti apá tí wọ́n máa parí rẹ̀ kó tó fi kálámù kan ìwé. Ẹni tó ń kọ eré ojoojúmọ́ ò láǹfààní yẹn. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni BARC, àjọ tó ń ka òǹwòran tẹlifíṣọ̀n, ń gbé iye òǹwòran jáde ní Íńdíà. Bí iye náà bá já wálẹ̀, ìtàn lè ṣẹ́rí padà lójijì, kí ohun tí wọ́n ti ń kọ́ bọ̀ látọjọ́ yìí wó lulẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti bá wọn wíjọ́ ni irú ìjà tí wọ́n ń yàn. Ìjà kan wà tó ń ti inú ìwà jáde. Abhi máa ń tètè gbaná jẹ, ó sì gbọ́kàn lé àbúrò rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Pragya a máa fi nǹkan pamọ́, á ní òun ń dáàbò bo ọkọ òun. Bí irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ bá jà, a gbà, nítorí bí wọ́n bá parí rẹ̀, ẹnì kan á ti kọ́gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ìjà ìbẹ̀rẹ̀ eré náà ṣe rí.

Ìjà kejì ń ti ìta wá: lẹ́tà tó sọnù, orí tó fara gbá nǹkan, ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ lábọ̀. Ẹ kíyè sí ìran ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn nígbà mìíràn. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Ẹnì kejì dé ẹnu ọ̀nà, gbólóhùn kan ṣoṣo ló gbọ́, èyí tó burú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìlù dún gbì, kámẹ́rà sún mọ́ ojú rẹ̀. Ó tún dún gbì, ó tún sún mọ́ ọn. Omi lé sí i lójú, ó yíjú, ó lọ. Bó bá dúró díẹ̀ sí i ni, ì bá gbọ́ ìyókù, ìjà ò sì ní sí. Ìran yẹn ò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì lè bí ìjà ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó tún rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti yà: yàrá kan, òṣèré mẹ́ta, kò sí mọ́tò, kò sí ìrìn àjò.

Ẹ lè fi èyí dá a mọ̀: bí gbólóhùn kan bá lè parí ìjà, tí wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ráyè sọ ọ́, ẹ mọ̀ pé àkókò ni wọ́n ń fà. Lójú tèmi, ìgbà tí Abhi gbàgbé Pragya ló burú jù. Gbogbo sùúrù àti ọgbọ́n tó ti kọ́ látìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fọ̀ kúrò lórí rẹ̀, àwa tí a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n sì rántí gbogbo rẹ̀ kedere.

Ọmọ Lísàbí

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fèsì sí ti “bí wọ́n bá ti fẹ́ra tán, eré parí” yẹn. Irọ́ gbuu ni.

Eré Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Moonlighting ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀rí. ABC gbé e jáde láti 1985 sí 1989. Cybill Shepherd ni Maddie, Bruce Willis ni David. Wọ́n ń bá ara wọn ta kàn-ǹ-gbọ̀n bọ̀, títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹta, 1987 tí wọ́n fi fi ìfẹ́ wọn hàn síra wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn ìyẹn eré náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn, ni gbogbo ayé bá ní ìfẹ́ ló pa á.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn kámẹ́rà. Shepherd lóyún ìbejì, kò lè wà níbi iṣẹ́ bó ṣe yẹ. Willis ń ya fíìmù Die Hard, èyí tó jáde ní 1988. Ní ọdún yẹn kan náà, láti oṣù kẹta dé oṣù kẹjọ, àwọn òǹkọ̀wé eré ní Amẹ́ríkà daṣẹ́ sílẹ̀. Kí ìdaṣẹ́sílẹ̀ yẹn tó dé, wọ́n ti gbé Maddie lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Chicago, wọ́n fi David sílẹ̀ ní Los Angeles. Nígbà tí Maddie máa padà, ó ti fẹ́ ọkùnrin kan tó bá pàdé nínú ọkọ̀ ojú irin! Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni àwọn méjèèjì ò fi jọ sí nínú yàrá kan náà. Yíya tí wọ́n yà wọ́n ló pa eré náà.

Bó ṣe rí fún Pragya ní London gan-an nìyẹn. Ohun tó mú wa fẹ́ràn wọn ni Sriti Jha tó ṣe Pragya àti Shabir Ahluwalia tó ṣe Abhi nínú ìran kan náà, kí ọ̀kan sọ, kí èkejì dáhùn kí ọ̀rọ̀ tó balẹ̀. Nígbà tí Pragya ń wá ẹ̀rí lórí oyún Tanu, ìjà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń kojú ara wọn. Mo fara mọ́ kí wọ́n jà nínú ilé kan ju kí wọ́n máa sunkún ní orílẹ̀-èdè méjì.

Rónkẹ́ Ìbarà

Ẹ má gbàgbé ìfẹ́ Purab ọ̀rẹ́ Abhi àti Bulbul àbúrò Pragya o. Mrunal Thakur tó ṣe Bulbul fi eré náà sílẹ̀ ní 2016, ó kọjú sí fíìmù. Arjit Taneja tó kọ́kọ́ ṣe Purab náà lọ, Vin Rana ló bọ́ sípò rẹ̀. Bí òṣèré méjèèjì bá ti lọ, kí ni òǹkọ̀wé fẹ́ fi gbé ìfẹ́ náà dúró? Bí ẹ bá rí i tí ẹnì kan ṣàdédé ń rìnrìn àjò, tó wá di orí fóònù nìkan la ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ máa fura pé òṣèré yẹn lè ti fẹ́ lọ. Ẹ má kàn máa bú òǹkọ̀wé.

Àdùnní Ìtòkú

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn, ẹnu ni mo kàn ń fi hàn, torí bó ṣe rí nìyẹn gẹ́lẹ́. Ṣé kí n wá máa wò ó lọ ni àbí kí n jáwọ́?

Ìyá Ìbejì Aṣerò

Àdùnní ọmọ mi, níwọ̀n ìgbà tó o ti ní ká sọ ọ́: wọ́n ṣì máa padà rí ara wọn, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ lọ títí. Pragya máa bí ìbejì obìnrin, wọ́n á sì yà. Prachi á dàgbà lọ́wọ́ ìyá, Rhea á dàgbà lọ́wọ́ bàbá. Eré á wá fo ogún ọdún. Àwọn ọmọ méjèèjì ò mọ̀ pé ọmọ ìyá làwọn, Ranbir kan náà ni wọ́n sì fẹ́ràn. Láti ibẹ̀, eré àwọn ọmọ ni. Abhi àti Pragya á di bàbá àti ìyá tó ń wá ara wọn kiri: èyí wọlé, ìyẹn jáde. Nígbà tó yá, Sriti Jha àti Shabir náà kúrò níbẹ̀. Shabir ti bẹ̀rẹ̀ eré mìíràn lórí Zee TV ní 2022.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé torí àwọn méjèèjì lo ṣe ń wò ó, wò ó títí wọ́n fi máa padà rí ara wọn lẹ́yìn ti London, kó o dúró níbẹ̀. Má wọ inú ogún ọdún yẹn.

Bó o ṣe máa wò ó láìjẹ́ kó mú ọ lómi nìyí. Ìbẹ̀rẹ̀ apá kọ̀ọ̀kan, àtúnsọ òpin ti àná ni. Àárín rẹ̀, ojú àwọn èèyàn ló pọ̀ jù níbẹ̀, pàápàá bí ìdílé bá pé jọ sí pálọ̀ tí kámẹ́rà ń lọ láti ojú dé ojú. Ohun tuntun sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn. Bí iná ọba bá mú un lọ láàárín, má jẹ́ kó dùn ọ́, wo ìbẹ̀rẹ̀ ti ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá ní Explora, ẹ̀rọ DStv tó ń gba eré sílẹ̀, lè ní kó máa gba gbogbo apá sílẹ̀ lórí ìkànnì 166, kó wá fo ibi tó bá wù ú. Òpin ọ̀sẹ̀ ni kó o sì máa fura sí jù lọ. Wọ́n á gbé ìbọn síwájú ẹnì kan kí ìsinmi tó dé, kí a lè padà wá. Bí a bá padà dé, ìbọn ò ní ọta nínú.

Ní ti ìwé kíkọ, Zee World ò lè yí ìtàn padà. Wọ́n ti ya apá yẹn ní Mumbai tipẹ́, wọ́n ti gbé e jáde ní Íńdíà, kí wọ́n tó fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì sí i fún wa. Ohun tí wọ́n lè yí padà ni aago tí wọ́n ń fi í sí, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, àti eré tí wọ́n máa gbé wá tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kọ ọ́ kúkurú sórí ojú ewé wọn: orúkọ eré, ọjọ́ àti aago, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀bẹ̀ tó dáa ni pé kí wọ́n máa gbé eré tó ní òpin wá. Bí o bá fi èébú sí i, wọn ò ní kà á dé ìlà kejì.

Eré tí wọ́n ń yà lọ́wọ́ nílẹ̀ wa yàtọ̀, ìyẹn ṣì ṣe é tún ṣe. Kọ̀wé kí sáà tó kan tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ ọ́. Dárúkọ ìran kan tó dùn mọ́ ọ kó o tó dárúkọ èyí tó bí ọ nínú, kí ẹni tó ń kọ ọ́ lè mọ ohun tó yẹ kó tún ṣe.

Kó o sì má lọ rò pé wàá sinmi sínú This Is Fate o. Inú eré yìí ló ti yọ ní 2017. Preeta àti Srishti, àwọn àbúrò Pragya, ló wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe é, ojoojúmọ́ lòun náà, ohun tó ń ṣe Abhi ló ń ṣe Karan, olólùfẹ́ Preeta.

Ọmọ Lísàbí

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, mi ò fẹ́ kí Àdùnní sá fún ogún ọdún yẹn pátápátá. Rhea ló ní kí Ranbir díbọ́n pé òun nífẹ̀ẹ́ Prachi kó lè dójú tì í, ìfẹ́ tòótọ́ sì wá wọ Ranbir lára. Ìwà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bí ìjà yẹn, kì í ṣe ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mugdha Chaphekar tó ṣe Prachi àti Krishna Kaul tó ṣe Ranbir sì mọ iṣẹ́ wọn. Kó wo ìyẹn títí àṣírí ẹ̀tàn náà fi máa tú sí Prachi lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbà pẹ̀lú yín, kó pa á.