Ṣé kí n gbé màmá mi lọ síbi àríyá ijó l'Ágodi, àbí kí wọ́n jókòó sílé?

Àbígbẹ̀yìn Màmá, Mólété:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ bá mi dá sí i.

Màmá mi ti di ẹni ọdún 68. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì ń gbé wọn, kò sí òde tí wọ́n ṣe láti Mólété dé Òkè-Àdó tí wọn ò ní jó níbẹ̀. Àwọn onílù mọ̀ wọ́n débi pé bí gèlè wọn bá ti yọ lẹ́nu géètì báyìí, ìyá ìlù á ti yí ohùn padà. Ọdún kejì rèé tí rọpárọsẹ̀ mú wọn lápá ọ̀tún. A dúpẹ́, ọ̀rọ̀ ti padà sí wọn lẹ́nu, wọ́n sì ń fi ọwọ́ òsì ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n àga oníkẹ̀kẹ́ la fi ń gbé wọn jáde.

Wọ́n fẹ́ ṣe àríyá ijó àti orin kan ní ìta gbangba lọ́gbà Agodi n'Ìbàdàn ní Sátidé tó ń bọ̀, láti ọ̀sán títí di alẹ́. Bàtá ń bọ̀, dùndún ń bọ̀, fújì ń bọ̀, àwọn ọmọ tó ń jó ijó ìgbàlódé náà ń bọ̀. Wọ́n polongo rẹ̀ lórí rédíò pé tọmọdé tàgbà, abarapá àti aláàbọ̀ ara, kò sẹ́ni tí àwọn ò pè. Màmá gbọ́ ọ. Láti ìgbà náà ni mi ò ti ráyè sinmi.

Ọ̀nà kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé wọn lọ síbi ìgbéyàwó kan. Mo ní kí wọ́n dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, kí n lọ wá ẹni tí yóò bá mi gbé àga gun àtẹ̀gùn. Kí n tó padà dé, ọkùnrin kan ti ju ₦200 sórí itan wọn. Ó rò pé wọ́n ń ṣagbe ni. Tàwọn ti léèsì, tàwọn ti gèlè! Màmá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ká owó náà sí mẹ́rin, wọ́n fi sínú pọ́ọ̀sì. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣé kí n gbé wọn lọ? Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó ní mi ò gbọdọ̀ dán an wò.

Ìyàwó Télọ̀:
Ẹ jẹ́ kí màmá sinmi jàre. Èrò á pọ̀, òjò lè rọ̀, ariwo sípíkà nìkan tó láti gbé ẹ̀jẹ̀ èèyàn ròkè. Ẹ tan tẹlifíṣọ̀n fún wọn, ẹ se ọ̀bẹ̀ tó dáa.

Alága Oníkẹ̀kẹ́, Bódìjà:
Ìyàwó Télọ̀, ẹ má bínú, ọdún kọkànlá mi lórí àga yìí rèé, tẹlifíṣọ̀n yẹn náà la ti ń wò látọjọ́ yìí. Ó ti sú wa.

Àbúrò, gbé màmá lọ, ṣùgbọ́n má gbé wọn lọ bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Ní Ọjọ́bọ̀, ìwọ nìkan lọ síbẹ̀ ná. Mú téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ dání. Kí o ti wọn àga màmá sílẹ̀ láti etí táyà kan dé ìkejì. Tèmi jẹ́ 65 sẹ̀ǹtímítà. Ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ tí kò bá tó 80, má bá a jà. Èyí tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé wá máa ń ní àtẹ̀gùn kan lẹ́nu ọ̀nà, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo yẹn ló sì máa ń ba òde jẹ́. Bi wọ́n tẹ́lẹ̀.

Inú mi dùn pé Agodi ni wọ́n fi sí. Ká ní gbọ̀ngàn Mápó ni, láti 1929 ló ti wà lórí òkè, ó lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn iwájú ẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń wí. Wàhálà Agodi ni koríko. Bí òjò bá ti rọ̀, má ti àga síwájú. Táyà wẹ́wẹ́ iwájú á rì, màmá á fẹ́ dojú bolẹ̀. Yí àga padà, tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn díẹ̀ kó dúró lórí táyà ńlá méjèèjì, kí o wá máa fà á lọ bí ọmọlanke.

Ní gbogbo ìdajì wákàtí, bá wọn gbé ìdí sókè díẹ̀ kúrò lórí àga. Egbò ìjókòó kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Bẹ́ ẹ bá dé géètì tẹ́ ẹ rí èrò, má tò. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2019 sọ ọ́ pé níbi tí wọ́n bá ti ń tò, àwa ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n sọ ọ́.

Ọmọ Sángo:
Èló ni wọ́n ń gbà lẹ́nu géètì?

Àbígbẹ̀yìn Màmá, Mólété:
Ọ̀fẹ́ ni. Alága, ẹ ṣé gan-an. Ṣé Máíkrà lè gbé àga náà?

Alága Oníkẹ̀kẹ́, Bódìjà:
Bó bá ń ká, búùtù á gbà á, wọn ò kàn ní lè ti búùtù náà pa. Ẹ máa fi okùn dè é ni. Háyà kóróòpe, lọ àti àbọ̀. Má gbẹ́kẹ̀ lé ọkọ̀ tí wàá rí lójú ọ̀nà lálẹ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Kí wọ́n lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lásìkò, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n mu omi. Kí ìwọ náà mọ àmì yìí: bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́, bí apá bá ṣàdédé rọ, ilé ìwòsàn ni lẹ́sẹ̀ kan náà. Ẹ má dúró kí orin parí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí wọ́n lọ gbádùn ara wọn.

Adití Ìjokòdó:
Mo fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ariwo. Adití ni mí láti ọmọ ọdún mẹ́rin (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè wá ní odi), àríyá ìta gbangba ni mo sì fẹ́ràn jù. Orin tó wà nínú ilé máa ń dà rú mọ́ mi lára. Ní ìta, àyà mi ló ń gbọ́ ọ, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń gbọ́ ọ. Mo máa ń fẹ́ bàlúùnù, màá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dì í mú, ìlù á máa bá mi sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Gúdúgúdú kì í dé ọ̀dọ̀ mi dáadáa, ohùn rẹ̀ há jù. Àmọ́ tí sípíkà ńlá bá gbé ohùn tó wúwo jáde, mo mọ ìgbà tó yí padà ju ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní etí lọ. Ẹ jẹ́ kí màmá fi ọwọ́ òsì wọn di irin àga wọn mú. Wọ́n á mọ ohun tí mò ń wí.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé wọn súnmọ́ sípíkà. Bí o bá ní láti pariwo kí ẹni tí ọwọ́ rẹ lè kàn tó gbọ́ ọ, ibẹ̀ ti le jù fún etí.

Kẹ́ ẹ sì bá mi bi wọ́n bóyá ògbufọ̀ èdè àwọn adití wà lórí pèpéle. Ní Ìbàdàn ńbí ni Andrew Foster, tó jẹ́ adití bíi tiwa, ti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún wa ní 1960. Kò yẹ kó jẹ́ pé ìlú yìí ni wọ́n á ti máa bi wá pé kí la wá ṣe níbi orin.

Ọmọ Àyàn, Òjé:
Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dáa, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá ìbéèrè rẹ̀ lóhùn. Ọ̀rọ̀ ₦200 yẹn ló ń dùn ún.

Àbúrò, kí ni oríkì màmá?

Àbígbẹ̀yìn Màmá, Mólété:
Àbẹ̀kẹ́ ni, sà.

Ọmọ Àyàn, Òjé:
Ó dáa. Bí mo bá rí ẹni tó jókòó lágbo, mi ò kì í dúró lóòró lu ìlù fún un. Mo máa ń fi orúnkún kan kúnlẹ̀, kí ojú ìlù bá etí ẹ̀ dọ́gba, kí ṣaworo máa dún sí i létí, kó rí kọ̀ǹgọ́ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Èmi á fún ọsán mọ́ra, màá pe Àbẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì péré. Màá wá dákẹ́. Tó bá jẹ́ oníjó ni lóòótọ́, wàá rí i pé èjìká ló máa kọ́kọ́ dáhùn. Bàtá náà ńkọ́, ṣebí èjìká ló ni ín? Èjìká òsì kan ti tó.

Nítorí náà, ibi tí wàá gbé wọn sí ni kó o mójú tó. Wọ́n á fẹ́ fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan, lábẹ́ kánópì, pẹ̀lú omi inú ọ̀rá. Má gbà. Ẹnu ọ̀nà lo fi wọ́n sí lọ́jọ́ yẹn, ẹnu ọ̀nà sì ni alágbe ń jókòó sí. Gbé wọn sí etí agbo, kí àga kọjú sí onílù. Ẹni tí ìlù bá ti ń kì, tí gbogbo èèyàn ń wo ẹnu onílù láti mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, ta ló máa jù ú ní ₦200? Ńṣe ni wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí.

Lọ́yà Dùgbẹ̀:
Ọmọ Àyàn, ẹ rọra o. Ẹ̀ka 21 nínú òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 ò fẹ́ kí wọ́n ná náírà lágbo. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí ₦50,000, ó kéré jù.

Ọmọ Àyàn, Òjé:
Lọ́yà, ilé onílù lẹ fẹ́ pa iná ẹ̀ yẹn. Kí wọ́n fi sínú ẹńfílóòpù nígbà náà.

Ìyàwó Télọ̀:
Mo ti gbà. Bẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ má da ìró gígùn fún màmá, á há sínú táyà. Ìró péńpé, kẹ́ ẹ sì fi pín-ìnnì mú un mọ́ itan. Gèlè kò ní ìṣòro, ẹ jẹ́ kó ga dáadáa.

Àbígbẹ̀yìn Màmá, Mólété:
Ẹ kú àdúrótì. Mo lọ síbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ bí Alága ṣe wí. Ilé ìyàgbẹ́ kan wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ 84, tí kò sì ní àtẹ̀gùn. Mo ti mọ ọ̀nà ẹ̀. Ibi tí wọ́n fẹ́ fi àwọn alága oníkẹ̀kẹ́ sí jìnnà díẹ̀ sí agbo. Mo bá ọmọbìnrin tó ń bójú tó o sọ̀rọ̀, ó ní kí n wá rí òun tá a bá dé, òun á wá àyè fún wa níwájú. Ọ̀rọ̀ ògbufọ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò ṣèlérí.

Nígbà tí mo délé, mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fún màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín ti èjìká òsì. Mo wá fi ẹ̀rù béèrè ọ̀rọ̀ ₦200. Wọ́n ní, "Mú pọ́ọ̀sì mi wá." Wọ́n yọ owó náà, wọ́n tú ìká mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ ẹ lórí itan. Wọ́n ní, "Èyí tí Àyàn máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi nìyí. Bá mi wá ẹńfílóòpù, kí lọ́yà yín má lọ mú mi."

Ẹni tó bá mọ ẹnì kan tó ní kóróòpe ní agbègbè Mólété, kó jọ̀ọ́ kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀.