Mo fara mọ́ "àtúntò egungun kábọ̀n"

Ẹ̀yin ará,

Ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí háídrókábọ̀n (èròjà tí kábọ̀n àti háídrójìn nìkan para pọ̀ di) bá bà lé mẹ́tàlì pílátínọ́ọ̀mù gbígbóná, tí àwọn kábọ̀n inú rẹ̀ sì pààrọ̀ ààyè: "ìyípadà", "ìfọ́" àti "àtúntò". Èyí tó gbẹ̀yìn ni mo fara mọ́, "àtúntò egungun kábọ̀n" ní kíkún; "egungun" níbí ni bí àwọn kábọ̀n ṣe so mọ́ra nínú mólékù.

"Ìyípadà" gbòòrò jù; omi tó di yìnyín náà yí padà. "Ìfọ́" ló máa ṣini lọ́nà jù lọ, nítorí iṣẹ́ mìíràn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ìdè àárín kábọ̀n méjì bá já, tí háídrójìn sì dí ojú ibi tó já, mólékù kan á di kéékèèké méjì. Mẹ́tàlì níkẹ́lì mọ iṣẹ́ yẹn ṣe dáadáa. Nínú àtúntò, nǹkan kan kò dín: kábọ̀n 6 àti háídrójìn 14 inú hẹ́séènì (háídrókábọ̀n kan, C6H14) pé síbẹ̀, bí wọ́n ṣe tò ló di tuntun. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú sì ti mú kí "àtúntò" mọ́ wa létí ní ìtumọ̀ yìí gẹ́lẹ́.

Ẹni tó ní kí a pe àwọn mólékù tí iye kábọ̀n àti háídrójìn wọn jẹ́ ọ̀kan náà, àmọ́ tí ìtò wọn yàtọ̀, ní "ìbejì" rò ó jinlẹ̀, àmọ́ irú mólékù bẹ́ẹ̀ 5 ni C6H14 ní. "Ojúgbà" yẹ wọ́n jù. Hẹ́séènì tó nà tọọrọ kì í jó dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì bíi ti ojúgbà rẹ̀ tó lẹ́ka. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà pílátínọ́ọ̀mù tí onímọ̀ kẹ́mísírì Vladimir Haensel là sílẹ̀ fi wọ ilé ìfọpo láti 1949.

Ibi tó yẹ kí a ti fara balẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni àtúntò ń gbà. Nígbà mìíràn, ẹ̀ka máa ń ṣí kúrò lára kábọ̀n kan lọ so mọ́ èyí tó kángun sí i: "ìṣípò ìdè". Nígbà mìíràn, ìdí mólékù á ká wá bá orí rẹ̀, á di òrùka kábọ̀n 5, òrùka náà á sì já níbòmíràn: "ọ̀nà òrùka". Ohun tó jáde lè jẹ́ ọ̀kan náà. Onímọ̀ kẹ́mísírì François Gault àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé ló fi kábọ̀n-13 (kábọ̀n tó wúwo díẹ̀ ju kábọ̀n lásán lọ) ṣe àmì láti ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ fi àmì sí kábọ̀n tó gbé ẹ̀ka nínú 2-mẹ́tíìlì-pẹ́ńtéènì (okùn kábọ̀n 5 tí ẹ̀ka kábọ̀n kan so mọ́ kábọ̀n kejì rẹ̀). Nígbà tó bá di 3-mẹ́tíìlì-pẹ́ńtéènì (ẹ̀ka wà lára kábọ̀n kẹta), bí ẹ̀ka bá ṣì wà lára kábọ̀n alámì, ọ̀nà òrùka ló gbà. Bí ó bá ti bọ́ sára kábọ̀n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìdè ló ṣípò. Iṣẹ́ tó rẹwà ni, ó dùn mọ́ mi pé a lè sọ ọ́ tán lédè wa.

Nẹopẹ́ńtéènì (kábọ̀n kan láàárín, tí kábọ̀n 4 so mọ́) kò tilẹ̀ lè ká di òrùka bẹ́ẹ̀, torí okùn rẹ̀ kò gùn ju kábọ̀n 3 lọ. Síbẹ̀ pílátínọ́ọ̀mù ń sọ ọ́ di ojúgbà rẹ̀, ísópẹ́ńtéènì. Nítorí náà, orúkọ kan ṣoṣo kò lè tó fún ọ̀nà méjèèjì.

Bí "òrùka" bá ń mú ẹnikẹ́ni rántí ìka ọwọ́, kí ó mú òmíràn wá, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ohun tó lè já kó sì nà padà.