Ẹ má pè é ní “àwòrán aláwọ̀ púpọ̀”

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìkòròdú dábàá pé kí a máa pe hyperspectral imaging, ìyẹn fífi ẹ̀rọ tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí wẹ́wẹ́ ya àwòrán, ní “àwòrán aláwọ̀ púpọ̀”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Fọ́tò ìgbéyàwó náà aláwọ̀ púpọ̀ ni.

Agbọ̀n mẹ́ta péré ni kámẹ́rà lásán ní: pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró. Ìmọ́lẹ̀ yòówù tó bá wọlé, inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí náà ni yóò bọ́ sí. Ní ọjà ẹja l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ níbí, mo dúró ti ìyá kan tó ń ṣa ẹja láàárọ̀ àná. Èpìyà ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, àrọ̀ tó ṣì ń jà lọ́tọ̀. Kò tilẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe nìyẹn, ní ojú kékeré kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di àwòrán. Ẹ wo GFP àti YFP, purótéènì méjì tó ń tàn, tí wọ́n fi ń sàmì sínú sẹ́ẹ̀lì: GFP máa ń tàn jù níbi tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ti gùn tó nǹkan bí 509 nànómítà, YFP ní nǹkan bí 527. Kámẹ́rà lásán á da méjèèjì sínú agbọ̀n àwọ̀ ewé. Ẹ̀rọ yìí á yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àbá tèmi ni “ẹ̀rọ apínmọ́lẹ̀wẹ́wẹ́”. Ohun tó bá yà, “àwòrán ìmọ́lẹ̀wẹ́wẹ́”. Ẹ lè ní kí ló dé tí kì í ṣe “aṣàmọ́lẹ̀”, nígbà tó jẹ́ pé ẹja ṣíṣà ni mo fi ṣàpèjúwe. Ẹ̀rù àwọn tí kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ ló ń bà mí: wọ́n á sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ tó ti ṣá. “Òṣùmàrè” tí ẹnìkan mú wá dára, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi í pamọ́ fún spectrum fúnra rẹ̀, ìyẹn àwọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó tò tẹ̀lé ara wọn.

Ibi tó le ni “fast”, tí wọ́n bá ní fast hyperspectral imaging. “Ayárabíàṣá” ti di ti kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á máa wá kíbọ́ọ̀dù kiri. Kí tilẹ̀ ni wọ́n ń sáré sí? Irú ẹ̀rọ kan wà tó ń ka sẹ́ẹ̀lì ní ìlà-ìlà, bí ọmọdé tó ń fìka tọ ìwé. Kó tó dé ìsàlẹ̀, ohun tó rí lókè ti ṣípò, torí sẹ́ẹ̀lì ààyè kì í jókòó sójú kan. Bí iná bá sì pẹ́ lára rẹ̀, aró inú rẹ̀ á ṣá bí aṣọ tí a gbàgbé sóòrùn, sẹ́ẹ̀lì gan-an á fara pa. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ṣe èyí tó ń gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Torí náà, “lẹ́ẹ̀kan” ni mo fẹ́, kì í ṣe “yára”: ẹ̀rọ apínmọ́lẹ̀wẹ́wẹ́-lẹ́ẹ̀kan.

Ó gùn, mo mọ̀. Ṣé amóhùnmáwòrán ló wá kúrú?