Ṣé olùbẹ̀rẹ̀ lè fúnra rẹ̀ pààrọ̀ mánífóòdù èéfín ọkọ̀ nílé?

Ìbéèrè, láti Ṣàgámù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọkọ̀ Honda Accord ti ọdún 2000, onísílíńdà mẹ́rin, ni mo fi ń lọ sí ibi iṣẹ́ láti Ṣàgámù sí Ìlíṣàn. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń gbọ́ ìró kan, tí-tí-tí, ní òwúrọ̀ nígbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, ìró náà á lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ tọ́rọ́tù láti gun òkè, mo tún máa ń gbọ́ ọ. Mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa ní táápẹ́ẹ̀tì, irin kékeré tó ń ti fáàfù inú ẹ́ńjìnì, ni. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí mo sì fi tọ́ọ̀ṣì wò ó dáadáa, mo rí àbàwọ́n dúdú níbi tí mánífóòdù, irin tó ń kó èéfín jọ láti inú sílíńdà lọ sínú páìpù sàlẹ́ǹsà, ti pàdé orí ẹ́ńjìnì, mo sì rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbi tí irin náà ti sán. Iná kékeré tó ní àwòrán ẹ́ńjìnì ti tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ náà sì ń mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi pààrọ̀ rẹ̀ nínú ọgbà ilé wa, nítorí pé mo fẹ́ mọ ọkọ̀ tí mo ń wà. N kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí ju kí n pààrọ̀ ọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì lọ. Mo ní àpótí sókẹ́ẹ̀tì kan àti jáàkì tó bá ọkọ̀ wá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Èkó ní kí n má ra mánífóòdù lásán, pé hẹ́dà, ìyẹn mánífóòdù onípáìpù mẹ́rin, ni kí n rà kí ọkọ̀ lè ní agbára sí i. Ẹlòmíràn ní kí n gbé èyí tó sán lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe, àti pé ṣé iṣẹ́ tí ọwọ́ olùbẹ̀rẹ̀ ká ni?

Ìdáhùn, mẹkáníìkì àgbà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Àbúrò mi, ojú rẹ ríran dáadáa. Táápẹ́ẹ̀tì kì í fi àbàwọ́n dúdú sára irin. Bí mánífóòdù bá sán, tàbí tí gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ohun fẹ́lẹ́ tí a fi sáàárín òun àti orí ẹ́ńjìnì kí èéfín má baà jò, bá jó, yóò máa ké nígbà tí irin bá tutù, nítorí pé ojú ibi tó sán ṣí sílẹ̀. Nígbà tí ooru bá mú irin náà wú, ojú náà á fún pọ̀, ìró á sì dínkù. Ní ti epo tí ó ń mu, afẹ́fẹ́ máa ń gba ojú ibi tó sán wọlé kí èéfín tó dé ibi tí sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, ohun tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín, wà. Sẹ́ńsọ̀ náà á rò pé epo kò tó, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á sì máa fi epo kún epo.

Olùbẹ̀rẹ̀ lè ṣe é, pàápàá lórí ọkọ̀ tìrẹ, nítorí pé iwájú ni mánífóòdù rẹ wà, lẹ́yìn rédíétọ̀. Bí ó bá jẹ́ Accord tó jáde ní 2003 ni, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì ni wọ́n gbé e sí, n kì bá sì gbà ọ́ níyànjú pé kí o fi kọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí kí o tó fọwọ́ kan sípánà: títú àwọn nọ́ọ̀tì àtijọ́ ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ooru àti òjò ti fi ìpẹtà lẹ nọ́ọ̀tì mọ́ sítọ́ọ̀dù, irin gbọọrọ eléyín tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀, láti ọdún yìí wá, sítọ́ọ̀dù náà sì wọnú orí ẹ́ńjìnì tí a fi alumíníọ̀mù ṣe, irin tí eyín rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́. Ẹni tí ó bá fi ipá tú u, sítọ́ọ̀dù á kán sínú ihò, iṣẹ́ ọjọ́ kan á sì di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀.

Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù, kí o fọ́n òróró atúpẹtà, irú WD-40 tàbí èyí tó lágbára jù ú lọ, sí ìdí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí o tún fọ́n ọn kí o tó sùn, kí o sì fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan sí i láàárọ̀. Má ṣe fọ́n ọn sórí irin tó ń jóná, nítorí pé ó lè gbiná. Ní ọjọ́ iṣẹ́, yọ orí bátìrì tí ó ní àmì àyọkúrò kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀, nítorí pé fáànù rédíétọ̀ wà nítòsí ọwọ́ rẹ. Tú páànù tí ó bo mánífóòdù nítorí ooru, kí o fa wáyà sẹ́ńsọ̀ jáde, kí o sì fi sípánà 22 tú sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀. Má jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀, má sì jẹ́ kí òróró kan orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o lọ sí ìsàlẹ̀, kí o tú ibi tí mánífóòdù ti pàdé páìpù àti irin kékeré tí ó fi ara ti búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé irin yẹn, wọ́n á wá máa fa mánífóòdù títí.

Sókẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ni kí o lò, má lo onígun méjìlá, nítorí pé èyí máa ń yọ̀ lórí nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà. Tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, dá a padà díẹ̀, fọ́n òróró sí i, kí o tún tú u. Bí o bá rí i pé ó ń rọ̀ bíi gọ́ọ̀mù dípò kí ó tú, dúró. Sítọ́ọ̀dù ló ń lọ́ yẹn, ó sì fẹ́ kán.

Ní ti jáàkì, èyí tó bá ọkọ̀ wá wà fún pípààrọ̀ táyà lẹ́bàá ọ̀nà. Ènìyàn kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan. Wá ẹsẹ̀ irin méjì tí a ń gbé ọkọ̀ lé, kí o gbé wọn sórí kọnkéré, kì í ṣe sórí ilẹ̀ pupa, kí o fi nǹkan dí táyà ẹ̀yìn, kí o sì mi ọkọ̀ náà dáadáa kí o tó wọ abẹ́ rẹ̀. Má lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì. Ó lè fọ́ lójijì.

Ìdáhùn, nọ́ọ̀sì kan ní Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti irin, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara. Èéfín tó ń jáde níbi tó sán yẹn wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítòsí ibẹ̀ náà sì ni afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú ọkọ̀ yín ti ń kọjá. Gáàsì carbon monoxide tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó máa ń so mọ́ ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú agbára tó ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po 200 ó lé. Gáàsì yìí kan náà ni ó ń pa àwọn tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sítòsí yàrá tí wọ́n sì sùn lọ. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí èébì ń gbé yín lórí ìrìn, tí ara yín sì ń balẹ̀ nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ má ṣe wa ọkọ̀ náà mọ́ títí tí ẹ ó fi tún un ṣe. Bí ó bá tilẹ̀ di dandan kí ẹ wà á, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, ẹ má sì jókòó nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá dúró tí éńjìnì ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì ń dán iṣẹ́ wò, ìta gbangba ni kí ẹ ti tan ọkọ̀, ẹ má ṣe tan án nínú gáráàjì.

Ìdáhùn, obìnrin oníṣòwò ẹ̀yà ara ọkọ̀ kan ní Ṣàgámù

Má fetí sí ti hẹ́dà o, àbúrò. Èmi ń tà á, n kò sì níí tà á fún ọ. Lórí ẹ́ńjìnì tí a kò yí nǹkan mìíràn padà lára rẹ̀, agbára tí ó ń fi kún un kéré, ariwo rẹ̀ sì pọ̀. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà fẹ́lẹ́, ojú wọn kì í pẹ́ tẹ̀, ihò sẹ́ńsọ̀ wọn sì lè má ṣe déédéé pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ.

Mánífóòdù tókúnbọ̀ tí ó jẹ́ ojúlówó ni kí o rà, yálà lọ́dọ̀ wa níbí tàbí ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó. Ya àwòrán tìrẹ lọ́wọ́ kí o tó kúrò nílé, nítorí pé àwọn kan wà tí kátálíìsì, ohun tó ń dín májèlé inú èéfín kù, so mọ́ wọn, àwọn mìíràn sì wà tí kátálíìsì wọn dá dúró lábẹ́ ọkọ̀. Bí wọ́n bá gbé e fún ọ, so ó rọ̀ kí o sì fi sípánà lù ú. Èyí tó pé á dún gbọnrangandan. Ohùn èyí tó sán á kú, kò ní dún gbọnrangandan. Wo àárín ihò sí ihò, ibẹ̀ ló sábà máa ń sán sí. Fi rúlà irin lé ojú rẹ̀: bí o bá rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rúlà, ojú náà ti tẹ̀, kí o sì gbé e lọ fún àwọn tí ń fi ẹ̀rọ féèsì irin, ìyẹn ni pé wọ́n ń mú ojú rẹ̀ tẹ́jú, kí o tó dè é. Gásíkẹ́ẹ̀tì àti nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Mo bẹ̀ ọ́, má ra gásíkẹ́ẹ̀tì tókúnbọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìdáhùn, wẹ́dà kan ní Ìpẹ̀rù

Irin tí a dà ni mánífóòdù yẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ jó o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iná mú gbogbo rẹ̀ gbóná, kí ó lo ọ̀pá ìjórin tó ní níkẹ́ẹ̀lì, kí ó sì bò ó mọ́ inú eérú kí ó lè tutù díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ̀pá lásán jó o, yóò tún sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n jó. Ra òmíràn.

Ìbéèrè lẹ́ẹ̀kejì, láti Ṣàgámù

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín gan-an ni. Mo ti fi ti hẹ́dà sílẹ̀. Ohun méjì ló kù. Àkọ́kọ́, bí sítọ́ọ̀dù bá kán mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́? Èkejì, wọ́n ní kí n fi gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù sí ojú gásíkẹ́ẹ̀tì kí ó má baà jò.

Ìdáhùn, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ fi iná gáàsì sí nọ́ọ̀tì tó bá ṣe agídí. Yóò wú, yóò sì tú láìjẹ́ pé sítọ́ọ̀dù kán.

Ìdáhùn, mẹkáníìkì àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde

Òótọ́ ni ọmọ yìí sọ, iná ń ṣiṣẹ́, àwa náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n n kò níí gbà kí ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ tan iná síwájú rédíétọ̀ àti wáyà, nítòsí páìpù epo, lórí irin tí ó fi òróró fọ́n láti àná. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n.

Bí sítọ́ọ̀dù bá kán tí díẹ̀ sì yọ síta, pe wẹ́dà kí ó jó nọ́ọ̀tì tuntun mọ́ ọn. Ooru ìjórin fúnra rẹ̀ máa ń tú ìpẹtà, yóò sì bá nọ́ọ̀tì náà jáde. Bí ó bá kán mọ́ ojú orí ẹ́ńjìnì, tí kò sí ohun tí ènìyàn lè dì mú, má fi ẹ̀rọ lu ihò síbẹ̀ fúnra rẹ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ olùbẹ̀rẹ̀ parí sí. Ihò tí kò tọ́ lára alumíníọ̀mù lè mú kí o tú gbogbo orí ẹ́ńjìnì kalẹ̀.

Ní ti sílíkọ́ọ̀nù, má fi í sí i rárá. Yóò jóná, èéfín rẹ̀ á sì ba sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn jẹ́. Ohun tí kì í jẹ́ kí ó jò ni kí ojú méjèèjì mọ́. Fi abẹ tí kò mú jù ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò, kí o sì rọra ṣe é kí o má baà ha ojú alumíníọ̀mù. Nígbà tí o bá ń dè é, fi ọwọ́ lásán dé gbogbo nọ́ọ̀tì ná, kí o wá fi sípánà bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta. Yá sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń fi bí a ṣe dè é le tó hàn, lọ́wọ́ ẹni tó ní in. Sítọ́ọ̀dù 8 mm nínú alumíníọ̀mù kì í fẹ́ ju nǹkan bí 30 N·m lọ. Wo ìwé ọkọ̀ rẹ fún iye rẹ̀ gan-an.

Bí o bá kọ́kọ́ tan án, èéfín díẹ̀ á rú láti ara òróró tó kù lára irin, kò sì pẹ́ tí yóò fi dá. Ní kí ẹnì kan fi aṣọ tútù nípọn dí ẹnu sàlẹ́ǹsà díẹ̀ nígbà tí ó ṣì tutù, kí ìwọ máa gbọ́ bóyá nǹkan ń fẹ́ súù níwájú. Lẹ́yìn tí o bá ti wà á lọ sí Ìlíṣàn bọ̀ ní ìgbà mélòó kan, jẹ́ kí ó tutù pátápátá, kí o tún fi sípánà tọ́ọ̀kì kan nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun máa ń fún pọ̀ sí i. Bí ìdí nọ́ọ̀tì kankan bá ń ṣe ọ́ ní iyè méjì lọ́jọ́ iṣẹ́, ya àwòrán rẹ̀ kí o fi ránṣẹ́ síbí kí o tó tú u. Mo wà nílé.